Báwo ni a ṣe lè fa àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ Éṣíà wá sí pápá wa?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilé àwọn tí òbí wọn wá láti Pakísítàn àti Bangladéṣì ti yí pápá wa ká. Àwọn ọmọ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù ní òpópónà, ṣùgbọ́n a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn lórí ìjókòó ní ọjọ́ Sátidé.

Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Blackburn Rovers ṣí pápá wọn, Ewood Park, sílẹ̀ fún ìrun Yídì ní ọdún 2022, àti pé ẹgbẹ́ Bradford City ní ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ti àwọn tí ìdílé wọn wá láti Bangladéṣì, tí à ń pè ní Bangla Bantams. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan ṣì rántí èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n ń gbọ́ ní pápá ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, n kò sì rò pé tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ nìkan lè pa ìyẹn rẹ́. Ìwé ìpolówó ni ìgbìmọ̀ wa fẹ́ náwó lé lórí (wọ́n fẹ́ràn ìwé ìpolówó púpọ̀). Lójú tèmi, oúnjẹ hàláàlì, yàrá ìrun àti ibi tí ìdílé lè jókòó sí láìsí ọtí ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Leicester, Bradford tàbí Birmingham, ẹ jọ̀wọ́, ta ni kí a kọ́kọ́ lọ bá: ìmáàmù, àwọn olùkọ́, tàbí àwọn tó ń darí líìgì àdúgbò tí àwọn ọ̀dọ́ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù?