Ìdá ló ń dí wọn lọ́nà, físíìsì kọ́: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Olùkọ́ àdáni

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ físíìsì, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo ti rí ni pé nínú àwọn tó ń wá bá mi pé físíìsì ò yé àwọn, ó yé èyí tó pọ̀ jù. Ìdá ni kò yé wọn.

Ẹ gbọ́ ti ọ̀kan nínú wọn. A so résísítọ̀ méjì, ohun tó ń dènà iná, ní ẹgbẹ́ ara wọn, ọ̀kan 3 Ω (ohm, ìwọ̀n ìdènà), èkejì 6 Ω. Kí ó tó mú bírò rárá ló ti sọ fún mi pé àpapọ̀ ìdènà wọn gbọ́dọ̀ kéré ju 3 lọ, nítorí iná ti rí ọ̀nà méjì gbà. Ẹ ò rí i pé ó mọ̀ ọ́n? Ó fi R dúró fún àpapọ̀ ìdènà náà, ó kọ 1/R = 1/3 + 1/6, ó tọ́. Ìgbà tó kàn, ó ro òkè mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ó rí 2/9, ó dojú rẹ̀ dé, ó di 4.5 Ω. Mi ò sọ pé kò tọ́. Mo kàn ní kó tún ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ sọ. Ó wo 4.5, ó wo 3, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Ìsàlẹ̀ méjèèjì ní láti kọ́kọ́ di ọ̀kan náà, òkè nìkan la wá ń rò: 2/6 + 1/6 = 3/6, ìyẹn 1/2. R wá jẹ́ 2 Ω. Ibí yìí náà ni àwọn mìíràn ti ń ṣubú lẹ́nu ọ̀nà: wọ́n á rí 1/2, wọ́n á kọ R = 0.5, wọ́n á sì gbàgbé pé 1/R ló ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bákan náà ni pẹ̀lú lẹ́ńsì, 1/f = 1/u + 1/v (u ni jíjìnnà ohun tí a ń wò sí lẹ́ńsì, v ni ti àwòrán rẹ̀, f ni focal length lẹ́ńsì náà). Ní báyìí, mo máa ń ní kí wọ́n kọ "1/R =" síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan títí dé òpin. Wọ́n ń kùn. Kí wọ́n máa kùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ àgbàlagbà

Ẹ ṣeun, olùkọ́. Ní tèmi o, ìyípadà ìwọ̀n ni. Iṣẹ́ ni mo ń ṣe kí n tó padà sídìí ìwé. Wọ́n ní bí a bá ń ti km/h lọ sí m/s, ká fi 3.6 pín, bí a bá sì ń bọ̀, ká fi sọ ọ́ di púpọ̀. Mo há a sórí bí ewì. Ṣùgbọ́n tí ìdánwò bá dé, èwo ni lílọ, èwo ni bíbọ̀?

Obìnrin kan tí a jọ ń kàwé, àbúrò mi ni lọ́jọ́ orí, ló ní kí n gbàgbé 3.6. Ó kọ èyí sílẹ̀:

72 km/h × (1000 m ÷ 1 km) × (1 h ÷ 3600 s)

Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, 1000 m àti 1 km, èwo ló gùn jù?" Mo ní wọ́n dọ́gba. Ó ní tí wọ́n bá dọ́gba, ìdá yẹn jẹ́ 1 nìyẹn, ohun tí a bá sì fi 1 sọ di púpọ̀ kì í yí padà, aṣọ rẹ̀ ló pààrọ̀. Km òkè pa km ìsàlẹ̀, h pa h, ó ku m lókè, s nísàlẹ̀. 72000 ÷ 3600, 20 m/s. Bí a bá fi ìdá àkọ́kọ́ sódì, km ò ní pa ara wọn, a ó rí km² lókè, m nísàlẹ̀. Ta ló mọ irú ìwọ̀n yẹn? Ojú ẹsẹ̀ lèèyàn ti mọ̀ pé òun ti yà bàrá.

Láti ọjọ́ náà, mi ò há òǹkà ìyípadà kankan sórí mọ́.

Ará láàbù

Tiwa ní láàbù ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n wọn irin, wọ́n rí density rẹ̀ (bí ó ṣe wúwo tó fún àyè tó gbà) ní 7.8 g/cm³, ó dáa bẹ́ẹ̀. A wá ní kí wọ́n sọ ọ́ di kg/m³. Àwọn kan ronú pé nígbà tí 1 m jẹ́ 100 cm, 1 m³ náà yóò jẹ́ 100 cm³. Ìdáhùn wọn: 0.78 kg/m³. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú pàápàá tó nǹkan bí 1.2 kg/m³. Irin tó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ! Ó yẹ ká so ó mọ́lẹ̀ kó má fò lọ.

1 m³ jẹ́ 100 × 100 × 100 cm³, ìyẹn mílíọ̀nù kan. 7800 kg/m³ ni ìdáhùn.

Ìyá ọlọ́mọ méjì

Ẹ má gbàgbé aago o. Ọmọ mi ní ìbéèrè kan: ọkọ̀ rin 100 km ní wákàtí kan àti 20 ìṣẹ́jú. Ó tẹ 100 ÷ 1.20 sínú ẹ̀rọ ìṣirò, ó rí 83.3. Mo ní 60 ìṣẹ́jú ló wà nínú wákàtí, kì í ṣe 100. 20 ìṣẹ́jú jẹ́ 1/3 wákàtí, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 4/3. Ó gbà. Ló bá tẹ 100 ÷ 4 ÷ 3, ẹ̀rọ fún un ní 8.33. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Mo gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, a yí 4/3 padà sí 3/4 lórí ìwé, a fi sọ 100 di púpọ̀: 75 km/h.

Ẹni tó fẹ́ takò

Ẹ jọ̀ọ́, kíkọ ìwọ̀n sí gbogbo ìlà ń jẹ àkókò. Èmi máa ń sọ ohun gbogbo di mítà, kìlógíráàmù àti sẹ́kọ́ńdù kí n tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà nìkan ni mò ń bá ṣeré.

Olùkọ́ àdáni

Mo fara mọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yín. Kíkọ́kọ́ yí gbogbo rẹ̀ padà dáa. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ fẹ́ mọ iye àkókò tí ohun tó ń sáré 20 m/s yóò fi rin 100 m, tí ẹ wá fi àgbékalẹ̀ náà sódì: 20 ÷ 100 = 0.2. Nọ́ńbà yẹn ò ní pariwo. Ẹ kọ ìwọ̀n sí i: m/s ÷ m, ó ku 1/s. Àkókò kì í jẹ́ 1/s láéláé. Ìwọ̀n ló tú àṣírí.

Ẹlẹ́rọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa sọ fún un. Ní 1983, ọkọ̀ òfuurufú Boeing 767 kan ní Kánádà gbéra pẹ̀lú epo tí kò tó ìdajì èyí tó nílò. Wọ́n lo 1.77 bí ẹni pé kìlógíráàmù ni lítà epo kan wọ̀n, páùn sì ni. Ní kìlógíráàmù, bíi 0.8 ni. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kú lójú ọ̀run. Àwọn awakọ̀ fi ọgbọ́n rọra balẹ̀ sí Gimli, ìlú kan níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kú. Ní 1999, NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, pàdánù Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ tí wọ́n rán lọ sí Mars, nítorí pé apá kan ń fi páùn ṣírò ipá, apá kejì rò pé newton, ìwọ̀n ipá mìíràn, ni. Páùn ipá kan jẹ́ nǹkan bíi newton 4.45. Àwọn ọ̀jẹ̀ nìwọ̀nyí o, kì í ṣe ọmọ ilé ìwé.

Ẹni tó fẹ́ takò

Ó dáa, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo èyí: ọkọ̀ lọ ní 60 km/h, ó gba ọ̀nà kan náà bọ̀ ní 40 km/h. Ìwé ní ìyára àárín rẹ̀ kì í ṣe 50. Kí ló dé?

Olùkọ́ àdáni

Nítorí pé ó pẹ́ lọ́nà nígbà tó ń bọ̀ ju ìgbà tó ń lọ. Fún kìlómítà kan ní lílọ, 1/60 wákàtí. Ní bíbọ̀, 1/40. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 2/120 + 3/120 = 5/120, ìyẹn 1/24. Kìlómítà méjì la rìn, ẹ fi 1/24 wákàtí pín in: 48 km/h. Ẹ dán 90 àti 30 wò, kí ẹ sì kọ gbogbo ìlà rẹ̀ síbí, tòun ti ìwọ̀n.

Ẹni tó fẹ́ takò

1/90 h + 3/90 h = 4/90 h. 2 km ÷ 4/90 h = 2 km × 90/4 h… ẹ dúró ná, h wà nísàlẹ̀. 45 km/h.