SS (àìsàn ẹ̀jẹ̀ síkúsẹ́ẹ̀lì) ni mí, ọ̀gá mi ò mọ̀, ṣé kí n sọ fún wọn?

Télọ̀ Ìbàdàn: Ẹ kú ilé o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọ̀rọ̀ mi ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọ ọdún 24 ni mí, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń kọ́, ó ku oṣù méje kí n ṣe fírídọ̀mù. Láti kékeré ni mọ́mì mi ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ sọ fẹ́nì kankan, wọ́n ní ta ló fẹ́ fẹ́ ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde, torí náà tára bá ti ń dùn mí ibà ni mo máa ń ní ó ń ṣe mí, ibà ọ̀hún wá pọ̀ débi pé Màdáàmù Ibà lọ̀gá ń pè mí lójú kọ́sítọ́mà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá aṣọ ẹbí 40 la fẹ́ kó jáde, a ò sùn, ẹ̀yìn mi gan-an ni fáànù dojú kọ, n ò sì mu omi torí mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo tún ti dìde lọ tọ̀. Nígbà tó máa di aago mẹ́ta òru, itan mi bẹ̀rẹ̀, àfi bíi pé wọ́n ń fi òòlù lu egungun inú ẹ̀. Mo ki tépù bọnu mo gé e jẹ kí n má baà ké. Ojú eyín mi ṣì wà lórí nọ́ńbà 30 títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ọ̀gá ní mo ń sá fún iṣẹ́ ni. Ṣé kí n sọ àbí kí n fara dà á?

Ìyá Wùrà: Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Mọ́mì ẹ ò burú, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Èmi náà parọ́ fún tíṣà ọmọ mi tó jẹ́ SS títí wọ́n fi nà án torí pé ó ń tọrọ àyè àtilọ tọ̀, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín àwọn ọmọ yìí kì í lè dá omi dúró bíi tiwa. Ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́ ni tíṣà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ike omi ẹ̀ sórí tábìlì tiẹ̀.

Bàbá Ewé: Orin àtà àti poroporo ọkà bàbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, SS á di AA (ẹ̀jẹ̀ tí kò ní àìsàn yìí rárá). Ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì Adúláwọ̀: Ẹ sinmi, bàbá. Inú oyún la ti gbé SS wá, kò sí àgbo tó ń sọ ọ́ di AA. Àbúrò, ṣé o ń lo folic acid (fítámì tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́) àti Paludrine (oògùn tó ń dènà ibà) ẹ? Má kàn ra oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú bí wọn ò bá tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò. Bi dókítà nípa hydroxyurea, ó ń dín kíráísìsì (ìrora tó máa ń dé lójijì yẹn) kù fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò déédéé, tóo bá sì ń gbèrò àtilóyún kọ́kọ́ sọ fún wọn. Tí ibà gidi bá mú ẹ, tàbí tí àyà bá ń dùn ẹ tí o ò lè mí dáadáa, ọsibítù ni lọ́jọ́ náà o, má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ògbólógbòó SS: Ọdún 43 rèé tí mo ti wà lórí ẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá mi kan nígbà kan, kò pé ọ̀sẹ̀ kan ó dá mi dúró, ó ní kí n má lọ kú sóun lọ́rùn. Torí náà n ò ní kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́. Ìwọ àtọ̀gá nìkan ni, kó má sì jẹ́ ọjọ́ tára ń dùn ẹ torí àwáwí ni wọ́n á pè é. Mú káàdì ọsibítù dání.

Ìyá Wùrà: Ẹ gbà á o. Ti ọkọ wíwá yẹn, AA ni kó o wò, AS (tó kàn gbé e sínú ẹ̀jẹ̀, tí àìsàn náà ò ṣe é) ni gbogbo ọmọ yín máa jẹ́, kò sí SS níbẹ̀.

Télọ̀ Ìbàdàn: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo gbé máṣíìnì mi kúrò níbi fáànù láàárọ̀ yìí. Ọ̀gá ní, "Ṣé ibà tún ni?" Mo ní rárá mà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ táwọn tó kù bá ti lọlé. Ọkàn mi ń lù kìkì báyìí, káàdì wà nínú báàgì.