Kí ni kí n sọ fún àbíkẹ́yìn mi?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mọ́kọ́lá níbí là ń gbé. Kíndìnrín bàbá àwọn ọmọ mi ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 14, mọ̀. Kò kàn sọ̀rọ̀ mọ́ ni. Àbúrò, ọmọ ọdún 7, ni mo purọ́ fún pé ibà ni. Lánàá ló bi mí pé ṣé torí òun fọ́ fóònù Dádì ni àìsàn yẹn fi dé. Ṣíbí àmàlà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹnu mi wọ̀. Màmá ọkọ mi ní ọmọdé kì í gbọ́ irú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, báwo lẹ ṣe sọ ọ́? Ṣé kí n mú un dé ọsibítù?