Hilux oní-dísẹ́ẹ̀lì tàbí ti bẹntiróòlù: èwo ni kí n rà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Oúnjẹ adìyẹ ni mò ń kó láti Òṣogbo lọ fún àwọn olóko ní Ìkìrun àti Ìràgbìjí, mo sì fẹ́ ra Hilux tòkunbọ̀. Méjì ni mo rí: ọ̀kan ń lo bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì 2.7, èkejì ń lo dísẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńjìnnì D-4D 3.0.

Ti dísẹ́ẹ̀lì ló wù mí. Ó ń fa ẹrù gun òkè láìjẹ́ pé èèyàn ń tẹ iná mọ́ ọn, kì í sì í jẹ epo tó ìkejì. Àmọ́ mẹkáníìkì mi ní injector rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, kò gba epo tó lómi tàbí ìdọ̀tí rárá, owó gọbọi sì ni láti pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tá a ṣíná ọkọ̀ náà láàárọ̀, èéfín funfun yọ, ó ń gbọ̀n, kó tó wá balẹ̀. Ìyẹn bà mí lẹ́rù gan-an. Ṣé injector ti ń bàjẹ́ nìyẹn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi dísẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́ l'Óṣogbo, ibo lẹ ti ń ra èyí tó mọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé kí n ra ti bẹntiróòlù, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi.