Ọmọ mi ń lọ sí ilé ẹjọ́, ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kò sì yé e

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, oorun sì ti dá lójú mi. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, akọ̀wé ilé ẹjọ́ jágbe mọ́ mi lójú gbogbo ènìyàn nítorí pé fóònù mi dún, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi wá sórí ìjókòó láti òwúrọ̀. Gbogbo ohun tí adájọ́ bi ọmọ náà, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni ó fi ń dáhùn, àfi ìgbà tí a délé tí ó bi mí pé kí ni à ń pè ní ẹ̀sùn. Mo ti kọ ohun tí yóò sọ sínú ìwé, mo sì ní kí ó há a sórí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Nígbà tí ọmọbìnrin mi fẹ́ jẹ́rìí, wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ wo yàrá ìgbẹ́jọ́ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó rí àga adájọ́, ó rí ibi tí òun fúnra rẹ̀ yóò wà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ẹ béèrè irú rẹ̀.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Ẹ fa ìwé yẹn ya. Tí wọ́n bá bi í ní ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ńkọ́? Ohun tí ọmọ ní láti mọ̀ ọ́n sọ ni "Kò yé mi" àti "N kò mọ̀."

Ìyá Àkọ́bí: Èmi kò kọ́ ọmọ mi ní irọ́ o.

Bàbá Àgbà: Ọmọ tí a kọ́ kì í sọ fún àgbàlagbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé òun.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Bàbá, ẹ má bínú. Nílé, "bẹ́ẹ̀ ni" jẹ́ ọ̀wọ̀. Ní kóòtù, wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà.

Agbẹjọ́rò Kan: Ìyá, ṣé ẹlẹ́rìí ni ọmọ náà, àbí olùjẹ́jọ́?

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ̀sùn olè ni wọ́n fi kàn án. Mo rò pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n jù ú lọ ni ó bá rìn. Ó ti fọwọ́ sí ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá nígbà tí èmi wà níta, kò sì tíì mọ̀wéé kà dáadáa. Olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún mi rí pé tí ọ̀rọ̀ bá gùn, kì í lè tẹ̀lé e.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ti ẹlẹ́rìí ni gbogbo wa ti ń sọ.

Agbẹjọ́rò Kan: Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ̀ka 40 nínú Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 1989 ní kí a tètè sọ ẹ̀sùn fún ọmọ, kí ó rí ìrànlọ́wọ́ láti gbèjà ara rẹ̀, kí a má sì fi ipá mú un jẹ́wọ́. Ní ọdún 2004, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù gbé ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 11 kan yẹ̀ wò, tí wọ́n gbẹ́jọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà ní agbẹjọ́rò, síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti dá àtìmọ́lé fún un, ó ṣì ń retí pé òun yóò bá alágbàtọ́ òun lọ sílé. Wọ́n ní ìgbẹ́jọ́ náà kò tọ́. Ẹ sọ ti ìwé tí ó fọwọ́ sí àti ti olùkọ́ rẹ̀ fún agbẹjọ́rò yín lónìí, kí ó lè bẹ ilé ẹjọ́ ṣáájú ọjọ́ náà fún àyẹ̀wò òye ọmọ, fún ìsinmi láàárín ìgbẹ́jọ́, àti fún ẹni tí yóò jókòó tì í láti máa la ọ̀rọ̀ yé e. Ta ni agbẹjọ́rò rẹ̀?

Ìyá Àkọ́bí: A kò tíì ní. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní tí ó bá ti bẹ adájọ́ dáadáa, wọn yóò dárí jì í. Lánàá ni ọmọ náà ń bi mí bóyá òun yóò ti dé láti gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.