Kí ni ká máa pe "indexing"? Èsì mi sí àbá "ìtòlẹ́sẹẹsẹ"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Bàbá wa tó dá ìjíròrò yìí sílẹ̀ dábàá ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún iṣẹ́ mímú kí Google àti Bing rí ìkànnì oníṣòwò kékeré. Wọ́n pe crawling (kí ẹ̀rọ máa lọ ka ojú ìwé káàkiri) ní "ìrákòrò", wọ́n pe indexing (kí ẹ̀rọ kó ohun tó kà pa mọ́, kó lè fi han ẹni tó bá ń wá a) ní "ìtòlẹ́sẹẹsẹ", keyword (ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń tẹ̀ láti fi wá nǹkan) di "kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀", iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, SEO (search engine optimization), sì di "ìgbéga ẹ̀rọ ìwárí". Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ìbàdàn wá fèsì pé "ìforúkọsílẹ̀" ló yẹ indexing. "Ẹ̀rọ ìwárí" fún search engine, bíi Google, kò ní àríyànjiyàn nínú, ó ti mọ́ wa lẹ́nu. Àwọn yòókù ni mo ní ọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá indexing, torí ibẹ̀ gan-an ni owó àwọn èèyàn ti ń ṣòfò.

Mo máa ń ṣe ìkànnì fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Abẹ́òkúta, àwọn aláṣọ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú pè mí pé ìkànnì òun "ò jáde" lórí Google. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí nìyẹn: ó jáde, kò jáde. Wọ́n ti sanwó fún ẹnì kan tó ní òun máa "gbé e sókè". Mo tẹ site: sínú Google, mo lẹ àdírẹ́sì ìkànnì náà mọ́ ọn láìfi àlàfo sí i, kò sí ojú ìwé kan ṣoṣo tó yọjú. Ohun tí kò sí nílẹ̀, ta ló fẹ́ gbé e sókè? Mo wọ inú WordPress, ohun èlò tí wọ́n fi ṣe ìkànnì náà, mo lọ sí Settings, mo bọ́ sí Reading, mo sì rí i nísàlẹ̀: wọ́n ti sàmì sínú àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn yìí, "Discourage search engines from indexing this site". Àwọn tó ń ṣe ìkànnì máa ń sàmì síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá gbàgbé láti yọ ọ́, WordPress á máa kọ "noindex", ìyẹn àṣẹ pé kí ẹ̀rọ ìwárí má kó o pa mọ́, sínú gbogbo ojú ìwé, Google náà á sì gbọ́ràn. Mo yọ àmì náà, mo fi ìkànnì náà hàn Google nípasẹ̀ Search Console, ohun èlò tí Google ṣe fún àwọn tó ni ìkànnì, kò sì pẹ́ púpọ̀ tó fi jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn inú àpótí yẹn dán àwọn àbá wa wò, torí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Tí mo bá lo "ìtòlẹ́sẹẹsẹ", ohun tí màá kọ ni: "Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ ìwárí to ìkànnì yìí lẹ́sẹẹsẹ." Ta ló máa ka èyí tó máa mọ̀ pé wọ́n ń sọ fún Google pé kó má fi ṣọ́ọ̀bù òun han ẹnikẹ́ni? Ìyá aláàdìrẹ á rò pé bí àwòrán aṣọ ṣe tò sí ojú ìwé ni wọ́n ń sọ. Bí mo bá wá kọ ọ́ pé, "Sọ fún ẹ̀rọ ìwárí pé kó má fi ìkànnì yìí sí atọ́ka rẹ̀," ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó bá ti ṣí ẹ̀yìn ìwé ńlá rí mọ atọ́ka: ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú rẹ̀, ẹni tó ń fi í wá nǹkan ò ní bá a pàdé, bó tilẹ̀ wà nínú ìwé. Nítorí náà, àbá tèmi ni "ìfisátọ́ka" fún indexing, ká sì máa sọ pé ojú ìwé kan "ti wọ atọ́ka" tàbí "kò tí ì wọ atọ́ka".

Mo mọ ohun tó fa "ìtòlẹ́sẹẹsẹ". Iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ ìwárí ń ṣe, Bàbá wa sì mú orúkọ ẹ̀kẹta fún èkejì. Àkọ́kọ́, rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀, tí Google ń pè ní Googlebot, á máa gba orí líǹkì bọ́ láti ojú ìwé kan sí òmíràn, á máa kà wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á pinnu bóyá ohun tí wọ́n kà yẹ ní títọ́jú, bó bá yẹ, á kó o sínú atọ́ka. Ìgbà tí ẹnì kan bá wá tẹ "adire Abeokuta" ni ẹ̀rọ máa tó ṣí atọ́ka yẹn, tí á sì to èsì lẹ́sẹẹsẹ, ti àkọ́kọ́, ti èkejì. Ìgbẹ̀yìn yìí gan-an, tí wọ́n ń pè ní ranking, ni "ìtòlẹ́sẹẹsẹ" tọ́ sí, ó sì bá a mu rẹ́gí.

"Ìforúkọsílẹ̀" ńkọ́? Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jẹ́ ká má lò ó níbí. Èèyàn ló ń fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, bí oníṣòwò ṣe ń lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Lágbo Google náà, a nílò ọ̀rọ̀ yẹn fún nǹkan mìíràn: Google Business Profile, tó ń jẹ́ Google My Business títí di 2021. Ibẹ̀ ni oníṣọ́ọ̀bù ti ń fi orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àkókò tó ń ṣí sílẹ̀, tí á sì fi ẹ̀rí hàn pé òun ló ni í, kí ṣọ́ọ̀bù lè hàn lórí máàpù. Ìforúkọsílẹ̀ gidi nìyẹn. Indexing kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì kan wà nínú Search Console tí a lè fi bẹ̀bẹ̀ fún un, àmọ́ ẹ̀rọ ló máa pinnu. Bí a bá sọ fún oníṣòwò pé kó "forúkọ sílẹ̀", á béèrè pé èló ni, ẹni tó máa gba owó náà ò sì ní pẹ́ yọjú. Bẹ́ẹ̀, Google fúnra wọn ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn kì í gbowó láti máa ka ìkànnì léraléra tàbí láti gbé e sípò tó ga. Ìpolówó tí èèyàn ń sanwó fún wà lọ́tọ̀, wọ́n sì ń sàmì sí i.

Ní ti "ìrákòrò", ọmọ tí kò tí ì mọ ìrìn ló ń rákòrò. Àwòrán tó gbé wá sọ́kàn ò bá iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí mu rárá. Ẹnì kan dá "ìwákiri" lábàá, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ "aṣàwákiri" jù, tí ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ń lò fún browser. "Ìbẹ̀wò" tó mi: rọ́bọ́ọ̀tì jẹ́ abẹ̀wò, èèyàn tó wá rajà jẹ́ àlejò.

Ẹ wo bó ṣe ṣiṣẹ́ nínú Search Console, níbi tí gbólóhùn méjì ti máa ń da àwọn oníbàárà mi láàmú. Èkíní ni "Discovered – currently not indexed": "A ti gbúròó ojú ìwé yìí, a ò tí ì bẹ̀ ẹ́ wò, kò sì tí ì wọ atọ́ka." Èkejì ni "Crawled – currently not indexed": "A ti bẹ̀ ẹ́ wò, kò tí ì wọ atọ́ka." Àtúnṣe wọn yàtọ̀ síra. Ti àkọ́kọ́ sábà máa ń fẹ́ kí líǹkì láti àwọn ojú ìwé mìíràn tọ́ka síbẹ̀. Ti èkejì ń fẹ́ ká padà wo ohun tí a kọ síbẹ̀ bóyá ó kún tó, bóyá kì í ṣe àdàkọ. Inú mi dùn sí "gbúròó" yìí gan-an, ọ̀rọ̀ tí a ti ń sọ tipẹ́ ni, kò sẹ́ni tó dá a.

"Kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀" kò ṣí ilẹ̀kùn kankan. "Ọ̀rọ̀ ìwárí" ni ẹ jẹ́ ká pè é, ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ń wá wa. Àwọn kan ṣì ń to ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀ sínú àmì "meta keywords" tó fara pamọ́ sínú kóòdù ojú ìwé, nígbà tí Google ti kéde láti 2009 pé àwọn kì í fi to èsì. Ibi tó yẹ kó wà ni àkọlé ojú ìwé àti inú ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń kà. Kí a sì rántí pé "aso oke" ni ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń tẹ̀, láìsí àmì. Lẹ́tà bí "ọ́" pàápàá kò ní kóòdù ẹyọ kan nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, àkópọ̀ ni, kọ̀ǹpútà sì lè kó o pọ̀ ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀rọ̀ méjì tó jọra lójú wa lè má jọra lójú ẹ̀rọ. Torí èyí ni mo ṣe ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ "aṣọ òkè" dáadáa nínú àkọlé, kí wọ́n sì jẹ́ kí èyí tí kò lámì wà nínú àdírẹ́sì ojú ìwé. Àwa náà tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká máa bọ́ àmì kúrò lára àbá wa ká tó gbà á: atoka, ibewo, imuhan. Ṣé òye rẹ̀ ṣì ń yọ?

"Ìmúhàn" yẹn ni mo fẹ́ fi rọ́pò "ìgbéga ẹ̀rọ ìwárí". Ìkànnì la fẹ́ kó hàn, kì í ṣe ẹ̀rọ la fẹ́ gbé ga. Ó kù síbì kan tí n kò tí ì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn: sitemap, fáìlì tí a fi ń sọ fún ẹ̀rọ ìwárí àwọn ojú ìwé tó wà lórí ìkànnì. Ẹ má jẹ́ ká pè é ní máàpù. Àkójọ àdírẹ́sì lásán ló wà nínú fáìlì náà, ẹni tó bá sì ń retí àwòrán á ṣí i, á rò pé ó ti bàjẹ́. "Àkójọ àdírẹ́sì" ni mo ń lò báyìí. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀ọ́ mú un wá.