Ìrọ̀lẹ́ ayò: ẹ sọ ohun tójú yín rí nídìí ọpọ́n

Ará Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni ẹgbẹ́ wa ti máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. A ó gbé ọpọ́n ayò sórí àpótí, àwọn tó ń ta dráfù á wà lápá kan, àwọn ọmọdé á sì tẹ́ lúdò sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọkùnrin nìkan ló ń jókòó ti ayò. Kò sẹ́ni tó ní kí obìnrin má ta, àmọ́ bí mo bá ti sún mọ́ ọpọ́n, wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ jókòó kẹ́ ẹ máa wòran." Mi ò gbà. Ìyá tó bí bàbá mi ló kọ́ mi ní ayò ní Ìṣẹ́yìn. Ilẹ̀ la gbẹ́ ilé rẹ̀ sí, òkúta wẹ́wẹ́ la sì fi ń ta á, nítorí kò sówó ọpọ́n.

Bàbá kan wà tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pè ní Ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta dáadáa. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ni mo bá jókòó lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Bàbá kì í ta ayò lẹ́nu dídì. Bí wọ́n ṣe ń pín ọmọ kiri ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé e: "Ìyàwó, ṣé o ti se ọbẹ̀ sílẹ̀? Ilẹ̀ á ṣú bá ọ níbí o." Àwọn òǹwòran á hó yèè. Bí o bá dáhùn, o ti gbàgbé iye ọmọ tó wà nílé rẹ. Ohun tí ẹnu wọn wà fún nìyẹn, mo sì gbà pé ó jẹ́ ara ayò. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lójú ọpọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta á mọ̀ pé ọmọ 48 ni, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé 12, ẹni tó bá sì jẹ 25 ti pa ẹnìkejì. Bàbá ti jẹ 15, èmi ti jẹ 13. Mo ti kó odù, ìyẹn òkìtì ọmọ nínú ilé kan, jọ sí ilé tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ọmọ 16. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún mi, òun ni mo sì ń tì síwájú láti ilé dé ilé, kí n lè máa fi dúró de Bàbá. Ẹni tó bá tètè tú odù ká ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Bàbá mọ̀ ohun tí mò ń ṣe, àmọ́ àwọn náà gbọ́dọ̀ ta, ọmọ ò sì pọ̀ nílé wọn mọ́. Nígbà tó yá, ilé mẹ́ta ló ṣófo níwájú wọn, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló sì wà nínú mẹ́ta yòókù.

Ni mo bá kó odù. Ó yí ọpọ́n ká, ó fo ilé tí mo ti kó o, ó tún wọ ọ̀dọ̀ Bàbá lẹ́ẹ̀kejì, èyí tó kẹ́yìn sì bọ́ sí ilé karùn-ún wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó o padà sẹ́yìn: méjì, mẹ́ta, méjì, méjì, mẹ́ta. Ọmọ 12. Ariwo tó sọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, àwọn onílúdò fi tiwọn sílẹ̀ wá wò.

Bàbá tún ọmọ náà kà fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní ìyá bàbá mi ni. Wọ́n ní, "Obìnrin ló kọ́ ọ báyìí, o wá ń dá wá?" Àwọn gan-an ló pàṣẹ pé kí a ya ọpọ́n kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin àdúgbò, kí n máa kọ́ wọn. Wọ́n ń wá títí di òní, inú mi sì ń dùn sí i ju ayò tí mo jẹ lọ. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ará Peckham:
Mo kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan la máa ń yá. Àwọn ará Gánà wà láàrin wa, oware ni wọ́n ń pè é, ọwọ́ wọn sì yá púpọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sọ fún wa pé ní 2002, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní yunifásítì kan ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi kọ̀ǹpútà wo gbogbo bí ọmọ ṣe lè tò sójú ọpọ́n nínú irú ayò yìí, ó lé ní bílíọ̀nù 889, wọ́n sì rí i pé bí ẹni méjèèjì bá ta á láìṣì, ọ̀mì ni. Ẹ̀gbọ́n kan láti Ìjẹ̀bú gbọ́, wọ́n fa àga. "Ọ̀mì? Ó dáa, jókòó ká ta á." Wọ́n pa á léraléra títí olùtọ́jú gbọ̀ngàn fi wá pa iná. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn kì í pa ìpàdé kan jẹ. Ó ní ohun tí òun ń wá kì í ṣe ìdáhùn, Ẹ̀gbọ́n lòun fẹ́ pa.

Ọmọ Sùúrùlérè:
Scrabble ni tèmi. Lẹ́yìn tí Wellington Jighere gba ife àgbáyé ní Perth, ní Ọsirélíà, lọ́dún 2015, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á, ni mo dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan. Ìṣẹ́jú 25 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, o ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, ariwo aago nìkan lò ń gbọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé ní Ẹ̀gbá, ìdí ayò bàbá mi ni mo máa ń lọ, torí ẹnu tí wọ́n ń fi ta á yẹn, n kì í rí i níbòmíràn.

Ará Ṣakí:
Ẹ̀yin ará Mọ́kọ́lá, bí ilé ẹnìkejì bá ṣófo pátá ńkọ́? Ìjà ni lọ́dọ̀ wa.

Ará Mọ́kọ́lá:
Lọ́dọ̀ tiwa, o gbọ́dọ̀ ta èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí o bá ní in. Bí kò bá sí rárá, kí o kó èyí tó kù sọ́dọ̀ rẹ, ayò ti parí. Ẹ sọ ọ́ síta kí ẹ tó jókòó, kò ní sí ìjà.